Ojú Afárá Mẹ́fà Ààbọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, atukọ̀ Potogí kan tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira jókòó, ó ń kọ ohun tó mọ̀ nípa etíkun Áfíríkà sílẹ̀. Orúkọ tó fún ìwé náà ni Esmeraldo de Situ Orbis. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀sà Èkó gbé ń tú sínú òkun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní béèyàn bá gba ibẹ̀ wọlé, tó rin légua 12 tàbí 13 nínú ìwọ̀n ọ̀nà àwọn Potogí, yóò kan ìlú ńlá kan tó ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá kan yí ká. Agusale ni ọba wọn ń jẹ́. Wọ́n ń ta ẹrú níbẹ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ 12 sí 15 fún ẹnìkan, wọ́n sì ń ta eyín erin díẹ̀. Ó parí síbẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ka Agusale yóò rí Awùjalẹ̀, oyè ọba Ìjẹ̀bú, nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Orúkọ ìlú, bó ṣe jìnnà tó, ẹni tó ń jọba níbẹ̀, ohun àrà kan tí ojú rí, àti ohun tí owó lè rà. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kan tún ń kọ ní nǹkan bí 470 ọdún lẹ́yìn Pacheco, fún àwọn ìlú tí kò sí níbì kankan láyé, nítorí eré.

Eré náà ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974. Kì í ṣe eré à-ń-ti-ọmọ-síwájú bíi lúdò. Ẹnìkan ni olùdarí, òun ló mọ ayé tí ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn yòókù á máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ayé yẹn, ọmọ lúdò á sì máa dájọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di bóyá ni, bóyá kọ́. Tí wọ́n bá jáde nílùú tí wọ́n bọ́ sínú igbó, olùdarí nílò máàpù, orí ìwé tí a pín sí ojú onígun mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sì máa ń yà á sí. Hex ni wọ́n ń pe ojú kọ̀ọ̀kan. Ojú afárá ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí oyin ti ń ya á tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣeré.

Àwọn ọ̀gbẹ́ni méjèèjì yìí kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kàn án. Charles S. Roberts, tó dá ilé-iṣẹ́ Avalon Hill sílẹ̀, ti fi sínú eré ogun rẹ̀ ní 1961. Ìdí rẹ̀ kò le. Lórí ìwé onígun mẹ́rin, ẹni tó gba orígun kọjá rin jìnnà ju ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ iye ojú kan náà ni wọ́n kà fún àwọn méjèèjì. Lórí afárá, láti àárín ojú kan dé àárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọgbọọgba ni. Ní 1972 Avalon Hill ta eré mìíràn, Outdoor Survival, tí James Dunnigan ṣe, lórí ẹni tó sọnù sínú igbó. Nígbà tí Dungeons & Dragons dé, ìwé rẹ̀ kẹta ní kí ẹni tó bá fẹ́ rin aginjù yá máàpù eré yẹn lò. Máìlì 5 ni ojú kan. Ẹlẹ́sẹ̀ lè la ojú 3 kọjá lójúmọ́. A ó sì ju ọmọ lúdò láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣìnà: ní pápá gbalasa, ojú 1 péré nínú 6 ló ń sọni nù, nínú igbó, ó di 2, nínú irà, 3. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá wọ irà, bó ṣe lè mọ̀nà náà ló ṣe lè sọnù.

Bob Bledsaw ti ilé-iṣẹ́ Judges Guild tún tẹ̀ síwájú ní 1977 pẹ̀lú ìwé tó pè ní Wilderlands of High Fantasy. Ó fún ojú afárá ní nọ́ńbà, ó sì kọ ìlà kan fún abúlé kọ̀ọ̀kan: iye èèyàn ibẹ̀, orúkọ olórí wọn, ohun tí ilẹ̀ wọn ń mú jáde. Ká ní Pacheco jí dìde, kò ní béèrè ìtumọ̀.

Nínú eré yìí, ojú tí a kò kọ nǹkan sí, òfìfo ni. Kò sẹ́ni níbẹ̀ títí olùdarí á fi fi ènìyàn tàbí ẹranko síbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ìlú méjì létí ọ̀sà tí Pacheco kọ nípa rẹ̀, ti yà kúrò lára ti eré nìyẹn. Lórí ilẹ̀ tiwa, bí ojú kan bá ṣófo lórí ìwé, kì í ṣe pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Onílẹ̀ ló pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé afárá náà lé ilẹ̀ ná. Bí a bá ta okùn tààrà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, yóò tó nǹkan bíi kìlómítà 52. Máìlì 5 jẹ́ kìlómítà 8. Ojú afárá mẹ́fà ààbọ̀ nìyẹn, tí òfin eré sì ní ẹlẹ́sẹ̀ yóò rìn ní ọjọ́ méjì àti díẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn ín? Omi ni títì. Ọ̀sà Èkó gùn ju kìlómítà 50 lọ. Níbì kan fífẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà 3 lọ, níbòmíràn ó tó 13, ó sì so mọ́ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti ti Lẹ́kí ní ìlà-oòrùn. Síbẹ̀ kò jìn: lọ́pọ̀ ibi, mítà méjì ni omi náà, ọ̀pá gígùn sì ń kan ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́pàá-gígùn àti alájẹ̀ ló ni ín fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tí ọkọ̀ ńlá òyìnbó sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà òkun bí àlejò tí wọn kò tíì ní kó wọlé. Ìpakodò, Ìbẹ̀ṣẹ̀, Báyẹ̀kú, Ìjẹ̀dẹ̀, Àgbọwá, Ẹ̀jìnrìn, Ẹ̀pẹ́: èbúté lẹ́yìn èbúté ni wọ́n tò sí etí àríwá. Ẹni tó bá fẹ́ ya máàpù ibẹ̀ láti orí ilẹ̀ wá sínú omi ti gbé e sódì. Láti inú omi ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa wo ilẹ̀ bí ìlà ewé tútù kan lókèèrè, kó wá máa wá àlàfo tí ọkọ̀ lè gbà wọlé.

Lórí ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ pọ̀ ju àmì orí máàpù eré lọ. Igi kékeré kan tí wọ́n yà ni igbó nínú eré. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ìgbẹ́, wọ́n ní igbó, wọ́n ní ẹgàn tí àdá kò tíì kàn. Wọ́n ya irà sọ́tọ̀ kúrò lára àbàtà, wọ́n sì mọ èyí tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn nínú wọn. Orúkọ ìlú gan-an, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ni. Ìtàn tí Ìkòròdú ń pa nípa ara rẹ̀ ni pé oko òdú ni àwọn tó ti Rẹ́mọ wá bá níbẹ̀, òdú tí a ń sè lọ́bẹ̀, ìyẹn Oko Òdú, tí ahọ́n wá lọ̀ di Ìkòròdú. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tó gbọ́ orúkọ yẹn ti mọ irú ilẹ̀ tó ń lọ bá: ilẹ̀ ọlọ́ràá tí àdá ti kàn rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kíka ọ̀nà. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń ka àkókò, ọrún àti ìsán, wọ́n á ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Àgbà ọjà létí ọ̀sà yìí láyé ìgbà náà ni Ẹ̀jìnrìn, tó wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí ará òkè àti ará Èkó ti ń pàdé. Ẹrù wá láti Ìjẹ̀bú lórí orí, ó bá ti omi lọ. Aṣọ, iyọ̀ àti ìbọn bá omi wá, wọ́n gun orí lọ sókè. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, Ẹ̀jìnrìn kì í ṣe Ẹ̀jìnrìn mọ́. Máàpù eré kò ní àmì fún ìlú tó ń tóbi tó sì ń kéré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹnu ya ilẹ̀ yìí fún òyìnbó pẹ̀lú ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ kì í ṣe arìnrìn-àjò. Ẹrú ni. Òṣìfẹ́kùndé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú etí omi, tí wọ́n bí sí Mákùn ní nǹkan bí ọdún 1798. Oníṣòwò ni. Ní 1820 ó wà nínú ọkọ̀ lórí omi, ó ń lọ sí ìhà Màhín, nígbà tí àwọn adigunjalè orí omi mú un. Wọ́n tà á, ó sì bá ara rẹ̀ ní Brazil, níbi tó ti sìn fún nǹkan bí ogún ọdún kí ọ̀gá rẹ̀ tó mú un lọ sí Paris.

Ní Paris ni Armand d'Avezac ti rí i. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ni d'Avezac, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tò ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ láti inú ìwé àtijọ́ àti ìròyìn atukọ̀ láì dé ibẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá nínú ìwé fún ọdún gbọọrọ ló wà nínú ilé ẹlòmíràn ní ìlú kan náà yìí. Ó pè é jókòó. Níbo ni o ti wá? Kí ni orúkọ odò tó wà lẹ́yìn ìlú yẹn? Ta ló jọba? Òyìnbó béèrè, Òṣìfẹ́kùndé dáhùn, nínú èdè Potogí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́ níwọ̀nba, ìlú Ìjẹ̀bú, ọjà rẹ̀, oyè rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń bọ́ sórí ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. D'Avezac tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845, ó pè é ní Notice sur le pays et le peuple des Yébous en Afrique. Nínú ilẹ̀ Yorùbá gbogbo, ìwọ̀nba ibi ni ó ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọmọ ibẹ̀ ní sáà yẹn.

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí eré orí tábìlì yìí rí yóò mọ ìjókòó náà: ẹnìkan mọ ilẹ̀, ẹnìkan ń béèrè, pépà wà láàárín. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ṣeé fojú fò. Òṣìfẹ́kùndé kò lè padà sí ojú afárá kankan nínú èyí tó kà sílẹ̀. D'Avezac ṣètò kó wọ ọkọ̀ lọ sí Sierra Leone, níbi tí kò ti ní jẹ́ ẹrú mọ́. Ó kọ̀. Ó ní ọmọkùnrin kan ní Brazil, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ló padà sí, sínú oko ẹrú.

Ohun tó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ níye lórí tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí bí òyìnbó ṣe lè lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ìjẹ̀bú ti ilẹ̀ wọn pa. Oníbodè wà lójú ọ̀nà, owó ibodè wà, ọjà bíi Ẹ̀jìnrìn wà létí ilẹ̀ kí àlejò má baà rí ìdí tí yóò fi wọ inú. Òyìnbó oníwàásù tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìbàdàn, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n máa ń tọ́ka sí fún un. Nínú máàpù wọn, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà gẹ́gẹ́ bí àlàfo funfun pẹ̀lú orúkọ kan láàárín. Àwọn tó ń wo máàpù yẹn ní London lè rò pé aginjù ni. Ètò ni.

Ìkòròdú ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹsẹ̀ láti Ìbàdàn, tó gba Ìpàrà àti Ìpẹ̀rù nílẹ̀ Rẹ́mọ, ti ń di ọ̀nà omi sí Èkó. Ẹ̀gbá fẹ́ kí gbogbo ọjà gba Abẹ́òkúta. Ìkòròdú kò gbà, ó ń jẹ́ kí Ìbàdàn àti Èkó máa ra, máa tà. Ẹ̀gbá kó ogun jáde, wọ́n dó ti ìlú náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1865, John Hawley Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, rán ọmọ ogun gba orí ọ̀sà lọ, wọ́n sì tú àgọ́ Ẹ̀gbá ká. Gólóbà ni àwọn ará Èkó ń pe Glover, àwọn mìíràn tilẹ̀ fi ọba ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ogun ojú omi ni tẹ́lẹ̀, ó ti bá ọkọ̀ Dayspring gòkè odò Ọya lọ ní 1857. Nígbà tí ọkọ̀ náà fọ́ lẹ́bàá Jẹ̀bá, ó fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ wá sí Èkó. Nínú gbogbo gómìnà tó jẹ ní Èkó ní sáà yẹn, bóyá òun ló mọ̀ jù lọ pé ojú kékeré kan lórí máàpù lè wúwo ju ìlú ńlá mẹ́wàá lọ, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń pàdé ọkọ̀.

Ẹ̀pẹ́ ti ní ìrírí tirẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù kejìlá 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ ọba sá, ó sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùdó pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ní 1854 Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní láti wá bá a ṣe àdéhùn níbẹ̀. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862. Kì í ṣe gbogbo èèyàn rẹ̀ ló bá a lọ, ìdí nìyẹn tí Ẹ̀pẹ́ fi ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí di òní, tí ọba ibẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe ọdún Kayọ̀kayọ̀ láti fi rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti fi tipátipá ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀pẹ́ náà ni wọ́n gbà wọlé. Denton, adelé gómìnà, ti lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1891, wọ́n sì kọ ẹ̀bùn rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1892, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott kó ọmọ ogun gba orí omi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ wo afárá wa: láti Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, okùn tààrà kò ju kìlómítà 27 lọ, ojú mẹ́ta àti díẹ̀, nígbà tí láti Ìkòròdú yóò tó kìlómítà 50. Ọjọ́ kan àti díẹ̀ ni òfin Gygax ì bá fún wọn. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi jìjàkadì nínú igbó yẹn, abúlé sí abúlé, títí tí wọ́n fi kan odò Yemọjí, tí ìjà ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìmàgbọn ní ọjọ́ 19. Ìbọn Maxim ló dá ẹjọ́ náà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1894, Ìkòròdú bọ́ sábẹ́ ìjọba Èkó, ìlà tí wọ́n fà nígbà náà kò sì tíì parẹ́: òun ló jẹ́ kí Ìkòròdú wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, nígbà tí Rẹ́mọ tó bí i wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Lẹ́yìn ìbọn ni sọfíyọ̀ dé. Nínú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ní Èkó ni Herbert Macaulay, tó kọ́ṣẹ́ ní Plymouth ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, tó bá ìjọba ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ títí di 1898, kó tó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ kó sì di ẹ̀gún lọ́rùn ìjọba kan náà. Ṣéènì àti awò ló rọ́pò ẹnu. Àlàfo funfun bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Ó kún, àmọ́ ohun tó tóbi jù lọ ṣì bọ́ sílẹ̀. Ní ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, abúlé kan ń jẹ́ Erédò. Orúkọ yẹn ni ti yàrà tó gba ibẹ̀ kọjá, Erédò Ṣùngbọ́, tí wọ́n fi sọrí Bilikisu Ṣùngbọ́, obìnrin olówó tí ìtàn ní kò bímọ, tó sì fẹ́ kí orúkọ òun má parun; Òkè-Èrí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń lọ bẹ ibojì rẹ̀ wò. Yàrà náà gùn ju kìlómítà 160 lọ. Níbi tó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé orí òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde tó mítà 20. Ó yí ilẹ̀ tó tó kìlómítà 40 láti àríwá sí gúúsù ká, 35 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn: nǹkan bí ogún ojú afárá. Ó ti wà láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn.

Peter Lloyd, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ nípa rẹ̀ ní 1959. Lẹ́yìn náà ó tó ọdún 1990 àti díẹ̀ kí Patrick Darling tó wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú teepu àti àdá, tó ń tẹ̀lé e nínú ẹgàn àti irà, tó sì ṣírò pé iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 3.5 mítà oníwọ̀n mẹ́ta, ju òkúta tó wà nínú ibojì pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ. Nígbà tí ìròyìn náà kàn láyé ní 1999, àwọn oníwèé ìròyìn òkèèrè kọ ọ́ bí ẹni pé ó sọnù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ta ló sọ ọ́ nù? Àgbẹ̀ Erédò ń sọ̀ kalẹ̀ gòkè nínú rẹ̀ láràárọ̀ lọ sóko. Pacheco gan-an ti gbọ́ ọ ní yàrà, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé òun ni tàbí ìkan nínú àwọn yàrà inú rẹ̀. Ohun tó tóbi tó ogún ojú afárá wà nílẹ̀, ó sì bọ́ lójú ìwé, nítorí pé ẹni tó ń ya ìwé ń wá ìlú àti ọ̀nà, kò wá ihò.

Àwọn olùdarí eré mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ẹni tó ń la ojú afárá kọjá kì í rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojú tó fẹ̀ ní máìlì 5 lè gbé ìlú kan pa mọ́. Síbẹ̀ àwọn tó ya ilẹ̀ Áfíríkà sínú eré kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e yẹ̀wò. Chris Dolunt gbé Nyambe jáde ní 2002, ó sì fi òrìṣà sí ibi tí eré òyìnbó ń fi ọlọ́run àlọ́ sí. Kevin Crawford ṣe Spears of the Dawn ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní àṣà eré àtijọ́ gan-an, pẹ̀lú afárá àti àtẹ ohun tí ọmọ lúdò lè mú jáde lójú ọ̀nà. Ìgbìyànjú ni àwọn méjèèjì, kò yẹ ká fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ igbó wọn ṣì ń fẹ́ ẹni tó máa wá rí i.

Igbó inú ìwé Fágúnwà kò rí bẹ́ẹ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ni eré yìí ìbá ti fi ṣe baba ká ní Gygax gbọ́ Yorùbá: ọdẹ kan, Àkàrà-ògùn, igbó tó ń jìn sí i bó ṣe ń rìn, ẹ̀dá kan lẹ́yìn òmíràn, lẹ́yìn náà ìrìn àjò ẹlẹ́gbẹ́ púpọ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó. Ṣùgbọ́n kò sí ojú òfìfo kankan níbẹ̀. Gbogbo ibi tí ọdẹ bá tẹ̀ ló ní onílé, onílé náà á sì bi í pé ta ló ní kó wá. Ọmọ Òkè-Igbó ló kọ ọ́, kì í ṣe ọmọ etí ọ̀sà, àmọ́ oníbodè Ìjẹ̀bú á mọ ìbéèrè yẹn.

Tí ẹnìkan bá wá fẹ́ ya ojú mẹ́fà ààbọ̀ yìí fún eré lónìí, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní lè fi ẹsẹ̀ nìkan díwọ̀n. Yóò ní láti ní iye kan fún ẹlẹ́sẹ̀, iye kan fún ọlọ́kọ̀, àti òmíràn fún ọlọ́kọ̀ tí afẹ́fẹ́ dojú kọ. Yóò nílò kàlẹ́ńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàpù, nítorí Ẹ̀jìnrìn tó ń kún tó ń ṣófo, àti nítorí Ìkòròdú, níbi tí ọjọ́ Orò Magbó ti ń sọ títì tí gbogbo ayé ń gbà lánàá di èèwọ̀ fún ìdajì ìlú lónìí. Yóò nílò àtẹ fún owó ibodè. Fún Erédò, yóò ní láti pinnu bóyá yóò yà á, tàbí yóò jẹ́ kí àwọn tó ń ṣeré já sínú rẹ̀.

Fún àmì ìlú ní tiẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ayàwòrán máàpù ìgbà àtijọ́ a máa ya ẹja sínú omi níbi tí kò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀: lójoojúmọ́ ni àwọn obìnrin ń tà á ní ọjà Olúwo, tútù àti yíyan, ìlú sì ti mọ ère ẹja ńlá sí oríta, tó dojú kọ ẹni tó bá gba ọ̀nà Lẹ́kí wọlé.